Túkánì Kékeré Tí Kì Í Ṣe Àtíòro: Àwọn Ìbéèrè Tí Wọ́n Ń Bi Mí ní Ẹ̀pẹ́

Àpò ìwé ọmọbìnrin kan ló dá gbogbo ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Bàyọ́lọ́jì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní iléèwé girama kan níbí ní Ẹ̀pẹ́. Ọmọ náà gbé àpò tuntun wọ kíláàsì, wọ́n ya ẹyẹ kan sí i lára tí àgógó rẹ̀ dà bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n. Gbogbo kíláàsì pariwo pé àtíòro ni. Mo ní kì í ṣe àtíòro, túkánì ni. Láti ọjọ́ yẹn ni n ò ti sinmi. Àwọn òbí ń fi ìbéèrè ránṣẹ́ lórí WhatsApp, àwọn ìyá ẹlẹ́ja ní Ọjà Olúwo ń dá mi dúró pẹ̀lú ọ̀bẹ lọ́wọ́, ẹni tó ń gẹ irun fún mi pàápàá ní tirẹ̀. Mo wá kó wọn jọ síbí, kí n lè máa ní, "Ẹ lọ kà á."

Ẹyẹ wo gan-an lẹ ń sọ, Tíṣà?

Ìdílé túkánì tóbi, ẹ̀yà tó wà nínú rẹ̀ lé ní ogójì. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà nìkan ni wọ́n ti wá, láti Mẹ́síkò títí sọ̀ kalẹ̀ dé Ajẹntínà. Igbó Áfíríkà ò ní ẹyọ kan. Ọ̀kan péré ni mo mú nínú wọn fún ojú ewé yìí, èyí tí Òyìnbó ń pè ní Green Aracari. Èmi ń pè é ní àràsárì aláwọ̀ ewé. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ onílẹ̀ Bràsíìlì ni àràsárì, èdè Tupi ni, Òyìnbó kàn gbà á lò ni. N ò rí ìdí tí a ó fi gba ẹnu Òyìnbó kọjá ká tó pè é.

Pteroglossus viridis ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ fún un. Linnaeus, ará Súwídìn tó dà bíi pé gbogbo ohun ẹlẹ́mìí ló fẹ́ sọ lórúkọ, ló sọ ọ́ ní viridis lọ́dún 1766. "Aláwọ̀ ewé" ló túmọ̀ sí. Ní 1811 ni ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Illiger wá sọ agbo ilé rẹ̀ ní Pteroglossus, ìyẹn "ahọ́n-bí-ìyẹ́". Kò parọ́. Ahọ́n ẹyẹ náà gùn, ó tín-ín-rín, etí rẹ̀ méjèèjì sì ya wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí ìyẹ́ adìyẹ. Oríkì ni wọ́n kì í, wọ́n rò pé orúkọ làwọn ń sọ.

Ẹ má tàn wá o. Ṣebí àtíòro náà ni?

Ìbéèrè yìí ni mo ti dáhùn jù láyé mi. Kì í ṣe òun. Òótọ́ ni pé ojú lè ṣì wọ́n mú: àwọn méjèèjì ní àgógó tó ju orí lọ, àwọn méjèèjì ń jẹ èso, àwọn méjèèjì ń yé sínú ihò igi. Ṣùgbọ́n ìjọra lásán ni. Ẹ lè rí àlejò kan lọ́jà tó jọ ẹ̀gbọ́n yín bí ìmumu. Ẹ lè kí i, ẹ ò lè bá a pín ogún. Àkókó ni ẹbí túkánì, àkókó tó ń sọ igi kọ́kọ́kọ́ lẹ́yìn ilé yín yẹn. Ẹsẹ̀ wọn ni kẹ́ ẹ wò: ìka méjì kọjú síwájú, méjì kọjú sẹ́yìn. Ti àtíòro kì í ṣe bẹ́ẹ̀, mẹ́ta ló wà níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn.

Ohun tó máa ń ya àwọn ọmọ lẹ́nu jù ni pé àtíòro tiwa ló tóbi jù. Láti ṣóńṣó àgógó dé ìparí ìrù, àtíòro tó ìdajì mítà, ó sì wúwo tó àràsárì méjì. Wọ́n máa ń rò pé ohun tó bá ti òkè òkun wá ló gbọ́dọ̀ tóbi.

Báwo ló wá ṣe tóbi tó?

Ẹ mú rúlà tí àwọn ọmọ fi ń lọ síléèwé, èyí tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 30. Àràsárì tó kéré jù nínú wọn bá rúlà yẹn dọ́gba, èyí tó gùn jù ò sì pé 40. Àgógó àti ìrù wà nínú ìwọ̀n yẹn o, nítorí náà ara rẹ̀ gan-an kò tó ti ẹyẹlé. Ìwọ̀n rẹ̀ wà láàárín gíráàmù 110 sí 160. Lọ́jọ́ kan mo kó ẹyin adìyẹ méjì lé ọmọ kan lọ́wọ́ ní kíláàsì, mo ní kó di ojú, mo ní odidi ẹyẹ náà ló gbé lọ́wọ́ yẹn. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Tíṣà, ṣé ó ti kú ni?" Kò yé e bí ohun alààyè tó ní irú àgógó bẹ́ẹ̀ ṣe lè fúyẹ́ báyẹn.

Nínú ìdílé túkánì, ọ̀kan lára àwọn tó kéré jù ni. Èyí tó tóbi jù nínú wọn, tí wọ́n ń pè ní toco, lè wúwo tó àràsárì márùn-ún.

Irú àwọ̀ wo ló ní?

Agbe ló laró, àlùkò ló losùn, lékèélékèé ló lẹfun. Ká ní àwọn baba wa rí àràsárì ni, n ò mọ èyí tí wọn ì bá pín fún un, torí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kó gbogbo rẹ̀ mọ́ra.

Ẹ̀yìn rẹ̀ àti apá rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé tó ṣú, bí ewé ẹ̀fọ́ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí. Àyà rẹ̀ títí dé ikùn jẹ́ àwọ̀ ìyeyè tó mọ́ lóló, kò sí ìlà kankan níbẹ̀. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí púpọ̀ nínú àwọn àràsárì yòókù ló ro ọ̀já pupa tàbí dúdú mọ́ àyà. Eléyìí ò ro nǹkan kan. Ní ìdí ẹ̀yìn, níbi tí apá máa ń bò mọ́lẹ̀, pupa fòò ni, ìgbà tó bá fò lẹ tó máa rí i dáadáa. Awọ ìhòhò tó yí ojú rẹ̀ ká jẹ́ àwọ̀ aró, pupa sì wà níbẹ̀ díẹ̀. Òkè àgógó jẹ́ ìyeyè, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pupa bí epo, ìsàlẹ̀ rẹ̀ dúdú. Etí àgógó náà ya ṣẹ́ẹ́ṣẹ́ẹ́ bí eyín ayùn, kì í ṣe eyín gidi, ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nínú ìdánwò.

Báwo la ṣe ń mọ akọ yàtọ̀ sí abo?

Orí. Akọ, orí rẹ̀ dé ọrùn dúdú kirikiri. Abo, ibi kan náà pọ́n bí obì tó ti gbó. Kò tún sí wàhálà mìíràn níbẹ̀. Ohun tó jẹ́ kí n yan ẹyẹ yìí fún kíláàsì mi nìyẹn, torí nínú ọ̀pọ̀ túkánì akọ àti abo jọra wọn débi pé àfi kéèyàn wọn gígùn àgógó wọn, ti akọ ló sábà máa ń gùn díẹ̀ jù.

Àgógó ńlá yẹn ò wúwo fún un ni?

Àkàrà tó wú dáadáa lẹ máa fi wé. Lóde, èèpo líle tó fẹ́lẹ́, irú ohun kan náà tí èékánná wa jẹ́. Nínú, eegun wẹ́wẹ́ tó so kọ́ra wọn, ihò kéékèèké lóríṣiríṣi, atẹ́gùn ló kún ibẹ̀. Torí náà ó le, kò sì wúwo.

Iṣẹ́ kejì rẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù. Ní 2009, àwọn onímọ̀ kan fi kámẹ́rà tó ń rí ooru wo túkánì toco, wọ́n rí i pé bí ara ẹyẹ náà bá ti gbóná, ẹ̀jẹ̀ á ya lọ sínú àgógó, àgógó á máa tú ooru náà dà síta. Bí òtútù bá dé, ẹyẹ náà á dín ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ síbẹ̀ kù. Rẹ́díétọ̀ ni, bíi ti mọ́tò, àmọ́ rẹ́díétọ̀ tó ní fáàfù. Toco ni wọ́n lò fún iṣẹ́ yẹn o, kì í ṣe àràsárì.

Níbo ló ń gbé? Ṣé ibẹ̀ tutù ni?

Kò tutù rárá. Ẹ ṣí máàpù ayé, ẹ fi ìka sí Ẹ̀pẹ́, kẹ́ ẹ wá fà á lọ sápá òsì láìyà. Ẹ máa gba ìtòsí Kútọnu kọjá, ẹ gba Tógò, Gánà, títí dé Làìbéríà, kẹ́ ẹ tó bọ́ sínú òkun. Ẹ máa fà á lọ. Ibi tí ìka yín bá ti tún kan ilẹ̀, Gùyánà nìyẹn. Ẹ̀pẹ́ àti Georgetown tó jẹ́ olú-ìlú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lórí ìlà kan náà. Bí ooru ṣe ń mú wa níbí ló ń mú wọn lọ́hùn-ún, etíkun wọn náà sì ní òjò ńlá àti òjò kékeré lọ́dún bíi tiwa. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń gbọ́ igbe ẹyẹ yìí láràárọ̀ níbẹ̀, àtọmọdọ́mọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti etíkun tiwa yìí ni wọ́n.

Gùyánà, Sùrìnámù, Gùyánà ti Faransé, ìlà-oòrùn Fẹnẹsúẹ́là, àti apá Bràsíìlì tó wà ní àríwá odò Amásónì: ibẹ̀ ni ilé rẹ̀. Igbó kìjikìji ilẹ̀ pẹ̀tẹ́lẹ̀ ló fẹ́, kì í sábà gun òkè kọjá mítà 800. Ẹ máa rí i ní etí odò, ní etí igbó, nígbà mìíràn nínú oko tí igi eléso wà. Orí igi lókè réré ló ń gbé, ilẹ̀ ò kàn án.

Méjì méjì tàbí agbo kékeré ni wọ́n ń rìn. Bí wọ́n bá fẹ́ kọjá ojú ilẹ̀ gbalasa, wọn kì í fò pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan á kọ́kọ́ lọ, èkejì á tẹ̀ lé e, ẹ̀kẹta á tẹ̀ lé e, bí àwọn ọmọ iléèwé tó ń sọdá títì. Wọn á ju apá kíákíá, wọn á sì na án gbọọrọ láti fi léfòó díẹ̀, kí wọ́n tó tún jù ú. Ní ti igbe, kò lórin. Ẹ fi èékánná ya eyín òòyà kọjá wàràwàrà, ẹ ti gbọ́ nǹkan tó jọ ọ́.

Kí ló ń jẹ?

Èso ni pàtàkì. Èso ọ̀pẹ orílẹ̀-èdè wọn, èso igi tó jẹ́ ẹbí ọ̀pọ̀tọ́, àti èso igi kan tó ń jẹ́ Cecropia tí ewé rẹ̀ fẹ̀ bí agboòrùn. Àgógó gígùn ló jẹ́ kó lè jókòó sórí ẹ̀ka tó lè gbé e, kó sì na ọwọ́ mú èyí tó wà lórí ẹ̀ka tí kò lè gbé e. Ṣóńṣó àgógó ló fi ń já èso, ọ̀nà ọ̀fun sì jìnnà síbẹ̀, nítorí náà á gbé orí sókè lójijì, á ju èso náà sẹ́yìn, á gbé e mì, bí ẹni tó ń ju ẹ̀pà sẹ́nu nídìí bọ́ọ̀lù.

Kóró tó bá tóbi, á pọ̀ ọ́ padà sílẹ̀ níbòmíràn, igi tuntun á sì hù níbẹ̀. Ó ń jẹ kòkòrò pẹ̀lú. Kí n má sì purọ́ fún yín nítorí pé mo fẹ́ràn rẹ̀: àwọn túkánì a máa jí ẹyin àti ọmọ ẹyẹ mìíràn jẹ nínú ìtẹ́. Ìyá kan ní Olúwo gbọ́ èyí, ó ní òun mọ̀, ó ní ẹnu tó gùn tó báyẹn ò lè má jalè.

Irú ìtẹ́ wo ló ń kọ́?

Kì í kọ́. Àgógó tó fẹ́lẹ́ bẹ́ẹ̀ ò lè ṣe iṣẹ́ àáké. Ihò tí àkókó gbẹ́ tó sì ti kó kúrò níbẹ̀ ló ń wá, tàbí ibi tí ẹ̀ka ti dá lára igi àgbà tí ìdí rẹ̀ sì jẹrà wọnú. Bí igi náà bá ti rọ̀, ó lè hó o fẹ̀ sí i díẹ̀. Ayálégbé ni, àkókó ni lánlọ́ọ̀dù. Kì í tẹ́ koríko, kì í tẹ́ ìyẹ́. Kóró èso tí àwọn fúnra wọn ń pọ̀ ló máa ń tò sílẹ̀ ihò náà, orí rẹ̀ ni wọ́n ń sùn.

Ní agbègbè Gùyánà àti Sùrìnámù, oṣù kejì sí oṣù kẹfà ni wọ́n ń yé. Kí wọ́n tó yé, akọ a máa mú èso wá fún abo, á fi ṣóńṣó àgógó mú un, á nà án sí i tìṣọ́ratìṣọ́ra, àwọn àgógó méjì tó gùn báyẹn ń fi ọgbọ́n kan ara wọn. Ẹyin méjì sí mẹ́rin ni, funfun báláú láìní àmì kankan. Ẹyẹ tó ń yé sínú òkùnkùn ò nílò ẹyin tó ní àwọ̀ ìfarapamọ́, ti àkókó náà funfun.

Akọ àti abo jọ ń sàba ni. Lára túkánì kéékèèké, nǹkan bí ọjọ́ mẹ́rìndínlógún sí méjìdínlógún ni ẹyin fi ń pa. Ẹ fi wé adìyẹ tó ń lo ọjọ́ mọ́kànlélógún. Wọn ò ní sùúrù adìyẹ náà. Adìyẹ tó ń sàba lè bínú ṣá ẹni tó bá sún mọ́ ọn. Túkánì, bí wọ́n bá gbọ́ ìró lásán, wọ́n á jáde lọ, wọ́n á sì fi ẹyin sílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

Ṣé abo rẹ̀ ń mọ ara rẹ̀ mọ́lé bí àtíòro ṣe ń ṣe?

Ó dáa tẹ́ ẹ béèrè, torí ibí ni wọ́n ti yàtọ̀ síra wọn jù. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ihò túkánì ṣí sílẹ̀ gbayawu, akọ ń wọlé, abo ń jáde, ejò àti ọ̀bọ náà sì lè wọlé bí ojú wọn bá tó o.

Èmi fojú ara mi rí ti àtíòro. Igi máńgòrò àtijọ́ kan wà lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí kan ládùúgbò wa, ẹ̀ka rẹ̀ kan ti dá láti ọdún pípẹ́, ihò sì wà níbẹ̀. Abo wọ inú rẹ̀, ó sì fi ẹrẹ̀ àti ìgbẹ́ ara rẹ̀ mọ ẹnu ihò náà pa, ó ku ìlà tóóró kan. Mo máa ń jókòó sórí bẹ́ńṣì lẹ́yìn ìdájí, tí akọ bá ti dé pẹ̀lú ẹyìn lẹ́nu, á lẹ̀ mọ́ ara igi, á kan ìgànnà náà pẹ́pẹ́. Ṣóńṣó àgógó abo á yọ láti inú ìlà yẹn bí ọwọ́ ẹni tó ń gba ṣéńjì lójú fèrèsé dánfó, á gba ẹyìn, á wọlé padà. Ẹ̀ẹ̀mẹrìnlá ni mo kà láàárín wákàtí méjì láàárọ̀ ọjọ́ kan. Inú ibẹ̀ ni abo wà ní gbogbo àsìkò tó fi ń sàba, ọkọ rẹ̀ nìkan ló ń bọ́ ọ.

Ẹni tó ra ilẹ̀ náà gé igi yẹn lulẹ̀ kí òjò ọdún tó tẹ̀ lé e tó dé. Ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta ló wà níbẹ̀ báyìí, ọ̀kan ń ta káàdì. N ò tíì rí àtíòro tó yé ládùúgbò wa láti ìgbà náà.

Báwo ni ọmọ rẹ̀ ṣe ń rí?

Kò dára wò, ẹ dárí jì mí. Ìhòhò goloto ló ń jáde látinú ẹyin, ojú rẹ̀ dì, kò ní irun kankan lára, àgógó rẹ̀ sì kúrú bí ti ẹyẹ yòókù. Ohun kan ló ní tí kò sí lára ọ̀pọ̀ ọmọ ẹyẹ mìíràn: awọ líle tó yi, tó sì rí gbágungbàgun, wà ní gìgísẹ̀ rẹ̀. Lórí ìyẹn ló ń jókòó, kí kóró àti igi inú ihò má baà bó o lára. Ó tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ojú rẹ̀ tó là.

Bàbá àti ìyá jọ ń bọ́ ọ ni, kòkòrò ló pọ̀ jù níbẹ̀rẹ̀, èso á wá máa pọ̀ sí i bó ṣe ń dàgbà. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tàbí díẹ̀ lé, ó ti ní ìyẹ́, ó sì ń fò jáde. Àgógó ò tíì tó ti àgbà nígbà yẹn, ó ṣì máa lo oṣù mélòó kan kó tó gùn tó bẹ́ẹ̀, bí agbádá bàbá lára ọmọ: á kún un díẹ̀díẹ̀.

Báwo ló ṣe ń sùn pẹ̀lú gbogbo àgógó yẹn?

Á yí orí padà, á gbé àgógó lé ẹ̀yìn, á wá ká ìrù sókè bo gbogbo rẹ̀. Eegun ìrù rẹ̀ ní oríkèé tó jẹ́ kó lè ká a síwájú báyẹn. Bó bá ti parí, ẹ ò ní rí orí, ẹ ò ní rí ìrù, bọ́ọ̀lù ìyẹ́ lẹ máa rí. Àwọn àràsárì kan a máa sùn pọ̀ nínú ihò kan, ká ìrù lọ́nà yìí sì gba àyè fún ẹlòmíràn.

Ṣé mo lè rà á? Ẹnì kan ní òun ń ta túkánì.

Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ tèmi. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, wọ́n fún mi ní nọ́ńbà ọkùnrin kan tó ń ta ẹyẹ, n ò ní sọ ibi tó wà. Ó fi fọ́tò ránṣẹ́, àgógó ìyeyè tó ń dán. Owó tó pè pọ̀, àmọ́ mo fẹ́ rí i, mo wọ ọkọ̀ lọ. Inú apẹ̀rẹ̀ adìyẹ ló kó ẹyẹ náà sí, ó ká gúlọ́ sí kọ̀rọ̀ kan. Mo na ìka kan gba inú apẹ̀rẹ̀ wọlé, mo fi kan àgógó rẹ̀. Ìka mi yọ jáde pẹ̀lú ọ̀dà. Òórùn ọ̀dà náà ṣì wà níbẹ̀. Mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀: ìka mẹ́ta níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Mo ní, "Ọ̀gá, àtíòro lèyí." Ojú ò tì í. Ó ní, "Ẹ̀yà ti Nàìjíríà ni, sà."

Kódà bó bá jẹ́ òótọ́ ni, òfin wà. Àdéhùn CITES tó ń ṣọ́ òwò ẹranko àti ẹyẹ láàárín orílẹ̀-èdè ka àràsárì aláwọ̀ ewé mọ́ àwọn tí wọn ò gbọ́dọ̀ gbé sọdá ààlà láìní ìwé àṣẹ. Nàìjíríà ti wà nínú àdéhùn yẹn láti 1974, a sì ní òfin tiwa láti 1985.

Ẹyẹ náà kì í sì í rọrùn láti sìn. Ẹ̀dọ̀ túkánì máa ń tọ́jú irin inú oúnjẹ pa mọ́ ju bó ṣe yẹ lọ, títí irin náà á fi pa á. Àwọn ọgbà ẹranko tó ní í máa ń ṣọ́ra, wọn ò jẹ́ fún un ní oúnjẹ tí irin pọ̀ nínú rẹ̀, wọn ò sì jẹ́ fún un ní ọsàn, torí ọsàn ń jẹ́ kí ara gba irin sí i. Ìbẹ́pẹ ni wọ́n máa ń gé fún un. Ẹni tó bá ń fún tirẹ̀ ní ọsàn àti ẹ̀fọ́ pé òun ń tọ́jú rẹ̀, ó ń pa á ni.

Ṣé òun ni ẹyẹ inú ìpolówó Guinness àtijọ́?

Túkánì nìyẹn, àmọ́ kì í ṣe àràsárì. 1935 ni John Gilroy kọ́kọ́ yà á fún wọn, irú túkánì ńlá ló yà. Àlàájì tó bi mí ní òun kàn ń béèrè ni.

Ṣé kò ní tán láyé?

Ní báyìí, wọn ò kà á mọ́ àwọn tó wà nínú ewu. Sùrìnámù, Gùyánà àti Gùyánà ti Faransé ṣì ní igbó tó bo ju ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ilẹ̀ wọn lọ, ìyẹn ló gbà á. Àwọn tó ń wa kùsà wúrà ń ba igbó àti odò jẹ́ láwọn apá ibì kan. Ẹni tó bá fẹ́ fojú rí i, tí owó ọkọ̀ òfuurufú ò sì dùn ún, igbó Iwokrama ní àárín Gùyánà ni kó lọ. Èdè Òyìnbó ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, kò ní sọnù.

Ọmọ mi fẹ́ kùn ún fún iṣẹ́ àṣetiléwá. Àwọ̀ wo ni kó lò?

Àwọ̀ ewé tó ṣú fún ẹ̀yìn àti apá, ìyeyè fún àyà, pupa fún ìdí ẹ̀yìn, aró yíká ojú. Àgógó: ìyeyè lókè, pupa bí epo lẹ́gbẹ̀ẹ́, dúdú nísàlẹ̀. Ìka ẹsẹ̀, méjì síwájú, méjì sẹ́yìn. Mo máa ń fún wọn ní máàkì níbẹ̀. Bí pẹ́ńsù dúdú rẹ̀ bá ti fẹ́ tán, kó yáa ya abo, kó lo àwọ̀ obì fún orí, kó sì tọ́jú ìwọ̀nba dúdú tó kù fún ìsàlẹ̀ àgógó.